Kí Irin Tó Wọlẹ̀

Ohunkóhun tó bá já bọ́ nínú igbó, ìbáà ṣe ewé, ìbáà ṣe ẹ̀ka, ìbáà ṣe òkú ẹranko, àwọn kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ń dúró dè é. Ewé àfàrà tó já lásìkò ọyẹ́, nígbà tí òjò bá fi máa rọ̀ dáadáa, eegun rẹ̀ nìkan ló kù. Kì í pẹ́ tí eegun náà fi ń lọ. Ikán àti ekòló ń gé e, wọ́n ń rì í mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n olú àti bakitéríà ló ń parí iṣẹ́ náà. Wọn kò ní eyín, wọn kò ní ikùn. Purotéènì ni wọ́n ń tú jáde sára oúnjẹ wọn, ìyẹn àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń gé ewé àti igi títí yóò fi kéré tó ohun tó lè wọ ara wọn. Wíwá àwọn purotéènì wọ̀nyí nínú ilẹ̀ igbó ni iṣẹ́ tí mo yàn láàyò, kí n lè mọ ẹni tó ń ṣe kí ni nísàlẹ̀ yẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé láàbù ni iṣẹ́ náà wà, níbi tí ẹ̀rọ olówó gọbọi wà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tí ẹ̀rọ yóò sọ, inú igbó la ti ń pinnu rẹ̀, láàárín ìgbà tí irin wọlẹ̀ sí ìgbà tí ilẹ̀ tí a bù di yìnyín.

Wọ́n máa ń bi mí pé kí ló dé tí n kò kúkú ka DNA, tó rọrùn jù, tí gbogbo ayé sì ń kà. DNA dára. Ó máa sọ irú àwọn ẹ̀dá tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n DNA bakitéríà lè lẹ̀ mọ́ amọ̀ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí bakitéríà fúnra rẹ̀ ti kú, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà láàyè nílẹ̀ ló ń sùn, tí wọ́n ń retí omi tàbí oúnjẹ. Gíráàmù ilẹ̀ kan péré lè gba bakitéríà tó bílíọ̀nù kan, oríṣi wọn a sì tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kí a to orúkọ gbogbo wọn sínú ìwé kò tíì sọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ tí a débẹ̀. Purotéènì ló súnmọ́ iṣẹ́ fúnra rẹ̀ jù, nítorí ó ń ná ẹ̀dá lágbára kó tó lè ṣe é, ẹ̀dá inú ilẹ̀ kò sì ní agbára tí yóò fi ṣòfò.

Ní ọdún 2005, Waltraud Schulze àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì gbé iṣẹ́ kan jáde tí mo ṣì máa ń padà lọ kà. Wọ́n wá purotéènì nínú ohun tó yòrò mọ́ omi adágún, àti nínú èyí tó yòrò mọ́ omi inú ilẹ̀ igbó. Nínú omi adágún, ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún purotéènì tí wọ́n dá mọ̀ ló jẹ́ ti bakitéríà. Nínú ti igbó, kò tó ìdajì. Nínú igbó tí igi rẹ̀ ń wọ́wé, wọ́n rí purotéènì 75 lókè ilẹ̀, iye náà sì ń dín kù bí wọ́n ti ń lọ sísàlẹ̀ títí ó fi di 28. Nígbà òtútù, iye tí wọ́n rí fi ìdajì ju ti ìgbà ooru lọ. Ibì kan tún wà nínú igbó igi spruce tí wọ́n ti bó èèpo igi yípo ní ọdún kan ṣáájú, ohun kan náà tí àgbẹ̀ wa máa ń ṣe sí igi ńlá tó bá fẹ́ kó kú sórí ìdúró nínú oko. Oúnjẹ tí ewé ń fi ránṣẹ́ sí gbòǹgbò dá. Iye purotéènì inú ilẹ̀ ibẹ̀ já sí ìdajì, ọ̀wọ́ àwọn ẹ̀dá tó ni ín sì já láti mẹ́sàn-án sí mẹ́rin. Igi ló gbọgbẹ́, ilẹ̀ ló rù.

Síbẹ̀, ohun tó mú mi jù nínú iṣẹ́ náà ni ohun tí wọn kò rí. Nínú omi ilẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò, kò sí ẹ́ńsáìmù kankan tó ń tú ewé tàbí igi. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á sọ pé ewé igbó náà kò jẹrà. Ṣùgbọ́n wọ́n yẹ èérún ilẹ̀ fúnra rẹ̀ wò, ibẹ̀ ni wọ́n ti bá sẹ́lúléèsì, tó ń gé ara ewé, àti lákéèsì, tó ń tú ohun tó mú igi le. Àwọn òṣìṣẹ́ náà ti lẹ̀ mọ́ ara èérún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, wọn kò jẹ́ kí irinṣẹ́ wọn bá omi lọ.

Mo ti ronú lórí èyí gan-an. Igbó kan náà ni, ọwọ́ kan náà ló bù ú, ẹ̀rọ kan náà ló kà á. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju pé ẹnìkan yàn láti wo omi, ó sì tún yàn láti wo ohun tí omi ń ṣàn kọjá lára rẹ̀. Ìjìnlẹ̀ ilẹ̀, àsìkò ọdún, ìlera igi tó wà lórí rẹ̀, omi tàbí èérún: ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó yí ìdáhùn wọn padà ló jẹ́ ohun tí a ń pinnu kí a tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ rárá. Ní ọdún 2012, àwọn mìíràn kó ewé igi beech tó ń jẹrà láti oríṣiríṣi igbó ní Austria, wọ́n sì rí i pé ti olú ni gbogbo ẹ́ńsáìmù tó ń tú ewé tí àwọn rí. Wọn kò rí ti bakitéríà rárá. Iṣẹ́ ńlá ni. Mo sì ti gbọ́ tí àwọn kan ń tún un sọ bí ẹni pé ilẹ̀ igbó gbogbo ayé ló wí bẹ́ẹ̀. Ewé ni wọ́n kó, ewé irú igi kan, ní ilẹ̀ olótùútù. Ìdáhùn tí ewé beech fún wọn, èmi kò lè gbà á lọ́wọ́ ilẹ̀ pupa tó wà lábẹ́ àfàrà.

Igbó tí èmi ń lọ jù ni Igbó Ọba Ọmọ̀, ní agbègbè Ìjẹ̀bú ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Láti 1946 ni ìjọba ti ya apá kan rẹ̀ sọ́tọ̀, hẹ́kítà 460, pé kí ẹnikẹ́ni má gé igi níbẹ̀. Ní 1977, UNESCO kà á mọ́ àwọn igbó tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ máa ṣọ́. Erin ṣì wà nínú Ọmọ̀. Ṣùgbọ́n igbó gmelina náà wà níbẹ̀, tí wọ́n gbìn kí wọ́n lè máa fi igi rẹ̀ ṣe bébà ní Ìwopin, oko kòkó sì wà, ó ń gbòòrò lọ́dọọdún. Ilẹ̀ tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jọra ti wá ń gbé ìgbé ayé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tó ń jẹ ewé gmelina, tí í ṣe ewé kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, ni àwọn kan náà tó ń jẹ àdàlù ewé nínú igbó tí a kò gé. Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ìwé lásán lójú mi. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ bá ti yí padà, igi tí a bá tún gbìn síbẹ̀ lọ́la yóò bá ilẹ̀ mìíràn pàdé.

Ìlànà bíbu ilẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ wa, ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n ti kọ ọ́. Ó ní kí a ká ewé òkè kúrò, kí a bu ìpele dúdú tí ewé jíjẹrà ṣe lọ́tọ̀, kí a tó bu ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti kọ ọ́, ewé ọdún mélòó kan lè wà lórí ara wọn, ìpele náà á sì nípọn. Ní Ọmọ̀, ooru àti òjò kì í jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejì, ewé gbígbẹ lè bo ọrùn ẹsẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án, ẹ ó gbá díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó sì kan ilẹ̀. Ilẹ̀ dúdú tó wà lókè kò nípọn, lẹ́yìn rẹ̀ ni pupa bẹ̀rẹ̀. Bí a bá wá bu sẹ̀ǹtímítà 10 àkọ́kọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí, a ti po ibi tí iṣẹ́ ti ń lọ mọ́ ibi tó parọ́rọ́ nìyẹn. Mo ti fi ìlànà yẹn sílẹ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ ni mò ń tẹ̀ lé báyìí: ibi tí dúdú bá parí sí, ibẹ̀ ni mo ti ń gé e, mo sì ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ fún ojúkò kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń ka iṣẹ́ wa máa ń bèèrè pé kí ló dé tí ìjìnlẹ̀ kò dọ́gba. Èsì mi ni pé ilẹ̀ ni kò dọ́gba.

Bí a ṣe ń yan ojúkò náà tún jẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Kọ̀ǹpútà ló ń bá wa yàn án, kí ojú wa má baà fa ọwọ́ wa lọ sí ibi tó dára wò. Mo fara mọ́ ọn, ojú ènìyàn máa ń fẹ́ràn ibi tó tẹ́jú, tí ẹ̀gún kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ọdẹ àgbà kan tó máa ń mú wa wọgbó dúró lọ́jọ́ kan lórí ojúkò tí ẹ̀rọ yàn, ó fi ẹ̀yìn àdá gbá ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wo ilẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "abà wà níbí rí. Wo bí ó ṣe dú."

Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin mọ àwọn tó gbé ibẹ̀?"

"Èmi kò bá wọn. Bàbá mi ló fi hàn mí. Ibi ààrò wọn lo fẹ́ gbẹ́ yẹn."

Kò sí nǹkan àjèjì nínú ohun tó sọ. Ní Òkòmù ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, E. W. Jones ti rí èédú àti àpáàdì lábẹ́ igbó tí ojú ń wò bí ẹni pé kò sẹ́ni tó débẹ̀ rí, ó sì kọ ọ́ jáde ní àárín àwọn ọdún 1950. Igbó wa púpọ̀ ló ti jẹ́ oko, tàbí abúlé, kó tó tún di igbó. Eérú ààrò àti pàǹtírí ìdáná a máa yí ilẹ̀ padà fún ìgbà tó gùn ju ẹ̀mí ènìyàn lọ, àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ náà a sì yàtọ̀. A kò fi ojúkò náà sílẹ̀, nítorí bí a bá ń yọ èyí tí kò tẹ́ wa lọ́rùn, yíyàn kọ̀ǹpútà kò wúlò mọ́. Ṣùgbọ́n a kọ ìtàn rẹ̀ mọ́ nọ́ńbà rẹ̀, láti ìgbà náà ni mo sì ti máa ń bèèrè ìtàn ojúkò gbogbo lọ́wọ́ àwọn àgbà kí irin tó wọlẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó lè sọ ọ́ fún mi.

Bíbu ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í gba àkókò. Páìpù irin tí ẹnu rẹ̀ mú la ń lò, a fi sípírítì nù ún, a wọ ìbọ̀wọ́, a gbá a wọlẹ̀, a fà á yọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú páìpù náà ló yẹ kó ká ènìyàn lára. Irin ti gé gbòǹgbò, ó ti gé okùn olú tín-ín-rín tó ń so ewé mọ́ ewé. Oje inú wọn ti dà sílẹ̀, bakitéríà tó wà nítòsí sì rí oúnjẹ tí kò retí. Atẹ́gùn ti wọ ibi tí kì í dé. Àwọn purotéènì tó ń gé purotéènì ẹlẹgbẹ́ wọn ti bọ́ sí gbangba. Ẹni tó bá wá di ilẹ̀ náà sínú ọ̀rá, tó jù ú sẹ́yìn ọkọ̀, tó sì wakọ̀ dé ìlú kí oòrùn tó wọ̀, ilẹ̀ tó gbé délé ti ń fèsì sí ohun tí òun ṣe fún un; kì í ṣe èyí tó ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́jẹ́ láàárọ̀.

Nítorí náà ni naitirójìn olómi ṣe ń bá wa wọgbó, èyí tó tutù dé −196°C. Bí ilẹ̀ bá bọ́ sínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ dúró. Ó wúwo, ó ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́ bí a ti ń rìn, ọ̀nà igbó kò sì dára. Lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà ní −80°C títí a ó fi ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ní ibi tí iná lè lọ lálẹ́ kó má dé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Yíyọ́ burú ju àìdì lọ. Ara bakitéríà tí dídì ti fọ́ á ya, ohun inú rẹ̀ á tú jáde, jíjẹra-ẹni á sì bẹ̀rẹ̀. Mo ti wá ń da apá kan ilẹ̀ ojúkò kọ̀ọ̀kan sínú omi ọṣẹ SDS níbẹ̀ gan-an, a sì ń sè é lórí sítóòfù gáàsì kékeré, kí gbogbo ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀ lè kú kí a tó kúrò nínú igbó. Kò rẹwà lójú àwọn tó fẹ́ràn fìrísà, ṣùgbọ́n kò bẹ̀rù àìsí iná.

Ohun kan wà tí mo ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jà lé lórí, ìyẹn ni ajọ̀. Àṣà ni pé kí a jọ ilẹ̀ lójú ajọ̀ mílímítà 2, kí òkúta àti gbòǹgbò lè kúrò. Fún ẹni tó fẹ́ wọn ọ̀rá ilẹ̀ tàbí iyọ̀ inú rẹ̀, ó dára bẹ́ẹ̀. Fún purotéènì, ìpalára ni. Bí a ti ń fọwọ́ ra ilẹ̀ lójú ajọ̀, okùn olú ń já, ilẹ̀ ń gbóná lábẹ́ ọwọ́, àkókò sì ń lọ. Kí a jẹ́ kó dì ná. Gbòǹgbò ṣeé fi ẹ̀mú ṣà kúrò lẹ́yìn tó bá ti dì, lórí yìnyín, pẹ̀lú sùúrù.

Òjò tún wà níbẹ̀. Ní 1958, H. F. Birch, tó ń ṣiṣẹ́ ní Kenya, kọ̀wé nípa ilẹ̀ tó ti gbẹ: bí omi bá kàn án, ó ń tú kábọ̀ndaọ́ksáídì jáde lọ́pọ̀ yanturu fún ọjọ́ díẹ̀, kó tó rọlẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà dòní. Gbogbo wa la mọ òórùn tó ń jáde nílẹ̀ ní àkọ́rọ̀ òjò. Bakitéríà inú ilẹ̀ wà lára àwọn tó ń ṣe é. Àwọn tó sùn láti ìgbà ọyẹ́ ti jí nìyẹn. Ilẹ̀ tí a bù lọ́jọ́ tó ṣáájú àkọ́rọ̀ àti èyí tí a bù lọ́jọ́ kejì rẹ̀, àní bí wọ́n tilẹ̀ fara kan ara wọn, kò yẹ kí a fi wọ́n wéra bí ẹni pé àsìkò kan náà ni. Mo sì ń ka ìwé tó kọ "oṣù Kẹrin" síbẹ̀, tí kò sọ ọjọ́ tí òjò rọ̀ kẹ́yìn. Ó ń dùn mí, nítorí iṣẹ́ tó dára ni wọ́n ṣe, kò sì sí bí a ṣe lè mọ ohun tí a ó fi wé e.

Àṣà mìíràn ni kí a po ilẹ̀ ojúkò mẹ́wàá pọ̀, kí ó di ọ̀kan, kí owó ẹ̀rọ lè dín kù. Mo mọ bí owó náà ṣe tó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ inú ilẹ̀ kì í tẹ́ káàkiri. Ó ń ṣùjọ sí ara gbòǹgbò, sí ìgbẹ́ ekòló, sí abẹ́ igi tó ń jẹrà. Mílímítà díẹ̀ sí ibẹ̀, kò sí nǹkan. Bí ojúkò kan nínú mẹ́wàá bá kún fún lákéèsì, tí mẹ́sàn-án tó kù kò ní, pípò wọn pọ̀ á dín in kù títí ẹ̀rọ kò fi ní rí i mọ́. Ohun tó kù lọ́wọ́ wa ni àpapọ̀ tí kò sí ojúkò kankan nínú igbó tó jọ ọ́. Ojúkò mẹ́ta tí a kà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sàn fún mi ju ogún tí a pò lọ, bí àpò kò bá gba jù bẹ́ẹ̀.

Láàbù, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ilẹ̀ kì í fi purotéènì sílẹ̀ wẹ́rẹ́. Àwọn ohun dúdú tí ewé jíjẹrà ń ṣe máa ń bá a jáde, omi náà á pọ́n bíi tíì tí a kò bu mílíìkì sí, ìwọ̀n purotéènì tí a bá wọ̀n nínú irú omi bẹ́ẹ̀ á sì tàn wá jẹ. Fínọ́ọ̀lù la fi ń yà wọ́n. Amọ̀ kaolin àti ìpáta irin tó mú ilẹ̀ wa pupa náà máa ń di purotéènì mú ṣinṣin. Ìyẹn ń kó mi lọ́kàn sókè ju ti àwọ̀ omi lọ, nítorí ẹ́ńsáìmù tó lẹ̀ mọ́ amọ̀ lè máa ṣiṣẹ́ lọ lẹ́yìn tí ẹ̀dá tó tú u jáde ti kú. Nígbà náà, purotéènì pàápàá kì í fìgbà gbogbo sọ ọ̀rọ̀ òní.

Lẹ́yìn èyí la óò fi ẹ́ńsáìmù tripusíìnì gé purotéènì sí wẹ́wẹ́, ẹ̀rọ á wọn wẹ́wẹ́ náà, kọ̀ǹpútà á sì wá ohun tó bá a mu nínú àkójọ àwọn èyí tí ayé ti mọ̀. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ wa ti ń sọnù. Ẹ̀dá inú ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ló pọ̀ nínú àkójọ náà. Ti ilẹ̀ Áfíríkà kéré. Wẹ́wẹ́ tí ẹ̀rọ wọ̀n dáadáa a máa jáde láìní orúkọ, tàbí kó gba orúkọ ìbátan tó jìnnà sí i. Ọ̀nà kan tó dájú láti tún un ṣe ni pé kí a ka DNA láti inú ilẹ̀ kan náà tí a ti yọ purotéènì, kí a fi í ṣe àkójọ tiwa. DNA tí mo ní kò tó fúnra rẹ̀ ti wá di ohun tí n kò lè ṣe aláìní, bí ó bá ṣáà ti jẹ́ pé páìpù kan náà ló gbé àwọn méjèèjì jáde. Bí a bá bu ti DNA lónìí, tí a sì padà wá bu ti purotéènì lóṣù tó ń bọ̀, àwọn méjèèjì ò ní mọ ara wọn.

Ní báyìí, páìpù tí a fi ń wọ Ọmọ̀ gbòòrò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ilẹ̀ inú rẹ̀ ń pín sí mẹ́ta kó tó kúrò níbi tí a ti bù ú: ọ̀kan sínú naitirójìn fún purotéènì, ọ̀kan fún DNA, ọ̀kan sínú omi ọṣẹ. Ìwé tó ń bá a lọ ní ìwọ̀n ilẹ̀ dúdú, ọjọ́ tí òjò rọ̀ kẹ́yìn, igi tó súnmọ́ ọn jù àti bí ó ṣe jìnnà sí i, wákàtí tí irin wọlẹ̀ àti èyí tí ilẹ̀ dì, àti ohun tí Bàbá ọdẹ sọ nípa ibẹ̀. Kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé, a ó bù ú lábẹ́ gmelina, nínú oko kòkó àti nínú igbó tí a kò gé. Lọ́jọ́ kejì àkọ́rọ̀, a ó tún bù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kòkó tó wà nítòsí ti gbà láti fi fóònù pè mí bí òjò bá ti ń ṣú.